Orí Ilẹ̀ Ni Ìrìn Àjò Omi Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá dúró sí etíkun lówùúrọ̀, láti Bádágírì títí dé Wídà ní orílẹ̀-èdè Benin, yóò rí bí àwọn apẹja ṣe ń gbé ọkọ̀ wọ omi. Wọn á to ìtì igi roboto sábẹ́ ọkọ̀ gbọọrọ, wọn á pín ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹnìkan á dá orin, àwọn yòókù á gbè é, ọkọ̀ á sì máa yí lórí igi lọ sẹ́nu omi. Bí imú ọkọ̀ bá ti kan omi, wọn á dúró. Àgbà kan wà nídìí ọkọ̀ tó ń ṣọ́ ìgbì. Ìgbì ńlá á wá, á fọ́, òmíràn á tẹ̀ lé e. Tó bá yá, omi á rọlẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni yóò pàṣẹ, tí gbogbo ọwọ́ yóò tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá pàṣẹ kí àkókò tó tó, ìgbì á yí ọkọ̀ dábùú, á sì dà á nù tòun ti àwọ̀n, ẹ́ńjìnnì àti ènìyàn.

Lórí ọ̀sà, iṣẹ́ náà fúyẹ́ ju èyí lọ. Ní Mákòókò, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ganvié lórí ọ̀sà Nokoué lẹ́bàá Kútọnu, orí omi ni ọkọ̀ ń sùn. Okùn kan ló so ó mọ́ òpó. A tú okùn, a mú àjẹ̀ tàbí ọ̀pá gígùn, ó di gbéra. Àwọn mìíràn ń ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò tàbí aṣọ rán pọ̀, tí wọ́n fi ọparun gbé ró, wọ́n sì mọ wákàtí tí afẹ́fẹ́ òkun máa ń dé lọ́sàn-án. Ọmọ tí a bí sẹ́bàá omi kì í rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan wọ̀nyí. Ó bá a nínú ilé ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọdá sí Southend, ìlú etíkun kan ní Essex, níbi tí odò Thames ti ń la ẹnu sínú òkun ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀ ló ti kó ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣeré ti ní ọgbà ìgbọ́kọ̀sí wọn. Ọkọ̀ ibẹ̀ kì í sùn lórí omi. Orí ilẹ̀ ni wọ́n wà ní ìlà-ìlà, lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò yàtọ̀ sí ọmọlanke inú ọjà wa, tapólì bò wọ́n, okùn sì dè wọ́n mọ́lẹ̀ kí ìjì ìgbà òtútù má baà gbé wọn. Òpó tó ń gbé ìgbòkun ró lára àwọn kan wà ní títú sílẹ̀. Ìgbòkun wà nínú àpò, ìtọ́kọ̀ sì wà nílé ẹni tó ni ín.

Ọkọ̀ apẹja wa kì í sí ní títú. Bó ṣe wà lánàá náà ló wà lónìí. Ọkọ̀ inú ọgbà yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lò ó yóò kọ́kọ́ tò ó pọ̀ lórí ilẹ̀, yóò tì í gba àárín ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn kọjá, yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, kó tó di pé omi kàn án. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa kò ju èyí lọ: láàrin ọgbà àti omi yìí ni a ti ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ yóò padà wálé láyọ̀. Púpọ̀ nínú ewu tí à ń bá pàdé lórí omi, orí ilẹ̀ la ti gbé e wọlé.

Kí ọ̀rọ̀ má baà fò lókè, ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan pàtó. Wayfarer ni orúkọ rẹ̀. Ian Proctor, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ya àwòrán rẹ̀ ní 1957. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4.82. Ara rẹ̀ lásán, láìsí òpó àti ìgbòkun, wúwo tó nǹkan bí kílò 169. Òpó rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, ó sì ga ju mítà mẹ́fà lọ. Ènìyàn méjì lè wà á, bàbá, ìyá àti ọmọ méjì sì lè jókòó sínú rẹ̀. Ní 1963, Frank Dye àti ẹnìkejì rẹ̀ fi Wayfarer kan tó ń jẹ́ Wanderer rin láti Scotland dé Iceland. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Dye tún forí lé Norway pẹ̀lú ẹnìkejì, ìjì ká wọn mọ́ agbedeméjì òkun, ọkọ̀ dojú dé, òpó dá, síbẹ̀ wọ́n gúnlẹ̀. Wanderer wà ní ilé ìṣúra nǹkan òkun ní Falmouth lónìí. Ẹni tó bá lè la irú ìyẹn já mọ ọkọ̀ rẹ̀ láti orí òpó dé ìdí.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Afẹ́fẹ́ là ń wò kí a tó ṣí tapólì. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ogun ojú omi kan, Francis Beaufort, ló ṣètò ìwọ̀n tí a ṣì ń lò títí dòní. Ní 1806 ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ìwọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó sì parí sí 12. Ní ìwọ̀n 3, ewé àti ẹ̀ka tínínrín ń mì láìdáwọ́ dúró, àsíá kékeré ń na gbọọrọ, ìgbì kọ̀ọ̀kan sì ń yọ fọ́ọ̀mù funfun lórí. Ní ìwọ̀n 4, ekuru àti bébà ń fò lórí ilẹ̀, fọ́ọ̀mù funfun sì ti pọ̀ lórí omi. Bó bá di 5, igi kéékèèké ti ń jó. Ìwọ̀n 3 tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ní 4, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nínú ọkọ̀. Ní 5, kí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú jókòó sílẹ̀. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀, ọkọ̀ ò ní sá lọ.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ṣe pàtàkì ju agbára rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ojú sì ti ń tan ènìyàn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ilẹ̀ fẹ́ lọ sórí omi, omi etí ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí ilé àti igi ń dènà afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ á wọ omi wẹ́rẹ́, á sì máa sáré lọ. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò ní mọ bí afẹ́fẹ́ ti le tó títí wọn yóò fi jìnnà, tí wọn yóò wá yíjú padà. Ọkọ̀ ìgbòkun kò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ tààrà. Ó ní láti máa gbà síbí gbà sọ́hùn-ún kó tó délé. Bí nǹkan bá já nígbà náà, afẹ́fẹ́ á máa gbé wọn jìnnà sílé ni. Ti afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun bọ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ìgbì rẹ̀ á máa gbá ọ̀nà gẹ̀rẹ́, àtijáde á nira, ṣùgbọ́n bí ohunkóhun bá bàjẹ́, afẹ́fẹ́ náà ni yóò gbé ọkọ̀ padà sí etí ilẹ̀. Ẹni tó bá ń yan ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ mú ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fi ìrọ̀rùn àtijáde nìkan yàn án.

Lẹ́yìn afẹ́fẹ́, ó kan ìkún àti ìfà òkun. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàrin òkun tó kún àti òkun tó fà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí púpọ̀ nínú wa dàgbà sẹ́bàá omi láìka wákàtí rẹ̀ sí. Ní Southend, lásìkò tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá kún, ìyàtọ̀ yìí ju mítà márùn-ún lọ. Etíkun ibẹ̀ sì tẹ́jú, nítorí náà bí omi bá fà, ó lè sún tó máìlì kan, ẹrẹ̀ ni yóò sì fi sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Nítorí èyí ni wọ́n fi fi igi kan afárá wọ inú omi níbẹ̀ ní 1830, kí ọkọ̀ èrò lè rí ibi gúnlẹ̀ sí. Èyí tí wọ́n fi irin ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló wà níbẹ̀ títí dòní. Gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà méjì, kò sì sí afárá ìgbafẹ́ tó gùn tó o lágbàáyé.

Òkun kì í kún ní ìwọ̀n kan náà láti wákàtí dé wákàtí. Ó ń gbà tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀ kó tó kún láti ibi tó fà dé. Àwọn awakọ̀ pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà 12. Wákàtí kìn-ín-ní ń gba ìdá kan, ìkejì ń gba méjì, ìkẹta ń gba mẹ́ta, ìkẹrin náà mẹ́ta, ìkarùn-ún méjì, ìkẹfà ọ̀kan. Èyí já sí pé ìdajì gbogbo omi náà ń wọlé tàbí ń jáde láàrin wákàtí méjì péré. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ mítà márùn-ún, mítà méjì àtààbọ̀ ni omi yóò fi lọ sílẹ̀ ní wákàtí méjì yẹn. Ẹni tó jáde nígbà tí omi kún, tó wá pẹ́ jù, kò ní bá omi mọ́ níbi tó ti wọlé. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ láti máa fa ọkọ̀ lórí ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rì mọ́ ọn, omi tó ń padà bọ̀ kò sì ní dúró dè é. Nítorí náà, inú ọgbà la ti ń wo ìwé àkókò òkun, ibẹ̀ la sì ti ń fẹnu kò lórí wákàtí tí a gbọ́dọ̀ padà, kí okùn kan tó kúrò lára ọkọ̀.

Ohun kẹta tí ọmọ ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ fojú kéré ni òtútù omi. Omi òkun Èkó sábà máa ń wà láàrin ìwọ̀n 25 sí 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nǹkan bíi 12 tí a bá pín gbogbo ọdún dọ́gba, oòrùn oṣù karùn-ún kò sì tíì ràn án. Ara tó bá já sínú irú omi bẹ́ẹ̀ lójijì á mí kàn-ǹ-kàn láìfẹ́, bí ẹnu bá sì wà lábẹ́ omi nígbà náà, omi ló máa fà sínú. Òmùwẹ̀ tó dáńtọ́ lè kú nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, kí òtútù tó ráyè wọ egungun rẹ̀ rárá. RNLI, ẹgbẹ́ tó ti ń yọ ènìyàn nínú ewu òkun ní ilẹ̀ náà láti 1824, ń kọ́ gbogbo ayé pé kí ẹni tó bá já sómi má jà: kó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kó na apá àti ẹsẹ̀, kó léfòó títí èémí rẹ̀ yóò fi balẹ̀, kó tó wẹ̀ tàbí kó pariwo. Bí omi ti tutù tó la fi ń múra, a kì í fi ti ojú ọjọ́ múra. Inú ọgbà la ti ń wọ aṣọ rọ́bà tó ń mú ara gbóná, inú ọgbà la sì ti ń de ẹ̀wù ìléfòó mọ́ àyà, kí ọkọ̀ tó yí ẹsẹ̀ kan.

Wàyí o, a lè ṣí tapólì. Ọkọ̀ tó ti jókòó láti ìgbà òtútù ti ní àwọn nǹkan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Táyà ọmọlanke lè ti rọ̀. Oòrùn lè ti jẹ okùn, tí yóò máa rún lọ́wọ́. Àpótí afẹ́fẹ́ méjì, ọ̀kan níwájú àti ọ̀kan lẹ́yìn, ló ń jẹ́ kí Wayfarer léfòó bó bá dojú dé. Ká ṣí ìdérí wọn, ká gbẹ́ omi tó wà níbẹ̀, ká wo rọ́bà tó yí ẹnu wọn ká bóyá ó ti sán, ká sì dé wọn padà gbọin. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí ìdí ọkọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú kì í dé, ihò kan wà tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Òjò ni wọ́n dá a sí fún, kí omi rẹ̀ lè ṣàn jáde bí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀, nítorí náà ní gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà nínú ọgbà, ihò yẹn wà ní ṣíṣí. Kọ́ọ̀kì kékeré kan la fi ń dí i. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, ọkọ̀ á kúrò ní etí ilẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Omi á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ pákó, ọkọ̀ á máa wúwo, ìtọ́kọ̀ kò ní gbọ́ràn mọ́, a kò sì ní mọ ìdí rẹ̀ títí a ó fi jìnnà. Àwọn tó gbọ́n máa ń so kọ́ọ̀kì náà mọ́ ìtọ́kọ̀ nínú ilé, kó má baà ṣe é ṣe láti gbé ọ̀kan láìrí èkejì.

Gbígbé òpó ró ló kàn, ibí yìí sì ni ikú ti sún mọ́ni jù lọ nínú ọgbà. Kí ọwọ́ tó kan òpó, kí ojú ti wo òkè. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé àdúgbò tí wáyà iná ti rọ̀ wálẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ní kí wáyà iná má rẹlẹ̀ ju mítà 5.2 lọ sí ilẹ̀, kó sì tó mítà 5.8 níbi tó bá ti dá ojú títì kọjá. Òpó Wayfarer nìkan ti ju mítà mẹ́fà lọ, a ò tíì ka gíga ọkọ̀, a ò tíì ka ti ọmọlanke. Wáyà tó bá òfin mu pátápátá ṣì wà níbi tí òpó lè kàn án. Alumíníọ̀mù ń gbé iná ju irin lọ, àwọn wáyà tó di òpó mú náà irin ni wọ́n, ọwọ́ ènìyàn ló sì wà lára gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ wáyà tó gbé iná 11,000 volt, kò pọn dandan kí òpó kàn án: iná lè fò sí i bí wọ́n bá ti sún mọ́ra. Nítorí náà la fi ń yan ibi gbangba tí kò sí wáyà kankan lókè rẹ̀, tí a sì ń fi ẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà láti ibẹ̀ dé omi ká tó ti ọkọ̀, ká máa wòkè bí a ṣe ń lọ, nítorí òpó tó ti dúró yóò bá ọkọ̀ rin gbogbo ọ̀nà náà.

Bí òkè bá mọ́, kí a ké sí àwọn tó wà nítòsí pé òpó ń lọ sókè, kí ọmọdé sì kúrò níbẹ̀. A ó to àwọn wáyà ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà lọ́ mọ́ra tàbí há mọ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ẹnìkan á di ẹsẹ̀ òpó mú sí ojú ihò rẹ̀, ẹnìkejì á gbé e láti àárín, á máa rìn lọ síwájú bó ṣe ń gbé e ga, ẹnìkẹta á sì máa fa wáyà iwájú ọkọ̀. Nígbà tí òpó bá nàró, ó ń dà bíi pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ títí píìnì yóò fi wọ ojú wáyà iwájú, tí òrùka kékeré tó ń dá píìnì dúró yóò sì ti wọ inú ihò rẹ̀. Òrùka yẹn kò ju èékánná ọmọdé lọ, òun ló sì mú òpó dúró. Kí a fi téèpù yí i ká kí okùn má baà yọ ọ́.

Iṣẹ́ tó kù dọwọ́ ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Bó bá ṣe pé mọ́tò ló fa ọkọ̀ wá láti ilé lórí kẹ̀kẹ́ ojú títì, kí a fọwọ́ kan àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Béárìnì tó gbóná, bó bá wọ omi tútù, á fa omi mọ́ra, omi iyọ̀ á ba gírísì jẹ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì lè yọ lójú títì nígbà tí a bá ń padà. Kí a jẹ́ kó tutù, tàbí kí a gbé ọkọ̀ sórí ọmọlanke tí wọ́n ṣe fún omi. Ìdí ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ omi, àwọn tó mú ọwọ́ ọmọlanke sì ń fà á sẹ́yìn láti òkè kó má baà sáré. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dúró nísàlẹ̀, láàrin ọkọ̀ àti omi, ìbáà ṣe láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí òpó àti ìgbòkun ti wà lára rẹ̀ wúwo ju ohun tí ènìyàn kan lè fi àyà dá dúró. Kí a wo ojú kọnkéré pẹ̀lú: ibi tí òkun máa ń bò mọ́lẹ̀ ní ewé àti èérí àwọ̀ ewé tó ń yọ̀, a sì máa rí ìlà ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kedere. Láti ìlà yẹn sísàlẹ̀, ìṣísẹ̀ kékeré là ń gbé. Okùn iwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan láti inú ọgbà títí ọkọ̀ yóò fi léfòó, nítorí ọkọ̀ tó bá yọ́ kúrò lórí ọmọlanke láìsí okùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ti di ti afẹ́fẹ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti léfòó, ẹnìkan á dúró nínú omi tí kò ju itan lọ, á kọjú imú ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, á dì í mú. Ẹnìkejì á ti ọmọlanke padà sókè, kọjá ibi tí omi yóò kún dé, kó má baà dínà fún àwọn ẹlòmíràn. Ìgbà tí imú ọkọ̀ bá kọjú sáfẹ́fẹ́ nìkan la tó ń ta ìgbòkun ńlá sókè. Okùn rẹ̀ á wà ní títú, aṣọ náà á máa lù pápápá láìní agbára. Ẹni tó bá ta á nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjú sáfẹ́fẹ́, ọkọ̀ á gbéra mọ́ ọn lọ́wọ́, á sì dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́. Kí gbogbo ènìyàn ṣọ́ orí wọn, nítorí ọ̀pá ìdábùú tó wà nísàlẹ̀ ìgbòkun ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sì mọ àgbà. Ìtọ́kọ̀ á ti wà ní ipò rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́ rẹ̀ lókè. Pákó pẹlẹbẹ tó ń gba àárín ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kò ní tíì sọ̀. Bí omi bá ti jìn tó, a ó sọ méjèèjì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí àwọn ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gbá ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kí àjẹ̀ méjì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú, bí afẹ́fẹ́ bá kú.

Ẹni tó kẹ́yìn nínú ètò yìí kì í wọ ọkọ̀ rárá. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ ni. Ó mọ iye ènìyàn tó lọ, àwọ̀ ìgbòkun wọn, ibi tí wọ́n dorí kọ àti wákàtí tí wọ́n ní àwọn yóò padà. Bí wákàtí yẹn bá kọjá, yóò pe 999, yóò béèrè àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, yóò sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Àwọn tó wà lórí omi lè pè wọ́n fúnra wọn lórí rédíò VHF, ìkànnì 16. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dojú dé nínú òtútù, tí ìka rẹ̀ ti kú, lè má ráyè tẹ rédíò. Ẹni orí ilẹ̀ ni ìrètí rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan lèyí. Lagos Yacht Club ti wà ní Èkó láti 1932, ọkọ̀ ìgbòkun ń ti ibẹ̀ jáde sórí omi ọ̀sà wa, àwọn ọmọ wa sì ń wà á. Àwọn tí kò ní fọwọ́ kan ìgbòkun láyé wọn náà ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ láti Ìkòròdú, láti Bádágírì, láti Ẹ̀pẹ́. Àjọ NIWA tó ń mójú tó ọ̀nà omi ní Nàìjíríà ti fòfin de ìrìnnà alẹ́, ó sì ti kàn án nípá pé kí èrò ọkọ̀ wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, à ń gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ tó rì nítorí pé èrò pọ̀ jù, nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú, nítorí pé kò sí jákẹ́ẹ̀tì tàbí pé ìdí èrò ni wọ́n fi í sí. Gbogbo ìwọ̀nyí, èbúté la ti ń rí wọn kí ọkọ̀ tó gbéra, ibẹ̀ la sì ti lè dá wọn dúró.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà lókè òkun, bí ilé ìwé bá ní àwọn fẹ́ kọ́ ọmọ yín ní ọkọ̀ ìgbòkun, ẹ jẹ́ kó lọ. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè irú ẹ̀wù tí yóò wọ̀, ẹni tí yóò dúró lórí ilẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí ọkọ̀ bá dojú dé. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Ìdáhùn á ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ kọ́ ọmọ yín lómi wíwẹ̀, ẹ sì kọ̀ láti wọ ọkọ̀ tí kò bá ní jákẹ́ẹ̀tì tó dára fún olúkúlùkù, ì báà jẹ́ pé yóò mú yín pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ẹ de tiyín mọ́ àyà kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò lórí ilẹ̀, kí ẹ sì wò ó pé ẹni tó jókòó tì yín náà ti de tirẹ̀.